Abọ́ Karùn-ún

Àbámẹ́ta, 4 oṣù keje

A ti dé. Ọkọ̀ òfuurufú, lẹ́yìn náà ọkọ̀ ojú irin, lẹ́yìn náà mọ́tò kan tí àga ẹ̀yìn rẹ̀ ń rùn bí ẹja. Ìsinmi tí Alága, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ti ń ṣèlérí fún wa nìyí, láti ìgbà tí ó ti ń wa tírélà gba ọ̀nà yìí. "Ẹ ó jẹ ẹja níbẹ̀, ẹ ó sì bínú sí gbogbo ẹja tí ẹ ti jẹ rí." Òun fúnra rẹ̀ ló ṣètò gbogbo rẹ̀, ó sì san gbogbo rẹ̀, kí tírélà kan náà tó pa á ní oṣù kejì. Ilé tí ó gbà fún wa kì í dá owó padà. Bí àwa tí a ń ṣọ̀fọ̀ ṣe di ẹni tó wá ṣe fàájì nìyẹn.

Kí a tó kúrò nílé, dókítà pe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní bí Màmá bá padà dé bí ó ṣe lọ yìí, láìjẹun, òun yóò dá a dúró sí ilé ìwòsàn, wọn yóò ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú, ibẹ̀ ni oúnjẹ yóò máa gbà wọlé. Láti oṣù kejì, tíì àti ègé búrẹ́dì ni Màmá fi ń gbé ara. Bùbá tó ń bá a mu rẹ́gí tẹ́lẹ̀ ti dà bí èyí tí wọ́n fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi. Sójà là ń pè é nílé. Ó ti ṣòfin ìsinmi kí a tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀: a ó máa rìn pọ̀, a ó máa jẹun pọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi Màmá sílẹ̀ ní òun nìkan. Mo béèrè bóyá a lè máa tọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní òun máa rò ó.

Onílé jáde wá pàdé wa pẹ̀lú aṣọ ìdáná lára. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Alága máa ń sùn tí ó bá ti já ẹrù tán. Alága kọ́ ọ ní Yorùbá díẹ̀, ó sì kọ́ ọ bí ó ṣe máa ń kọ́ gbogbo èèyàn ní nǹkan. Obìnrin náà kúnlẹ̀ dáadáa níwájú Bàbá, ó ní:

"Ẹ káàbọ̀, wọ̀bìà."

Bàbá wò mí. Mo wo ilẹ̀. Onílé ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró kí wọ́n yìn ín.

"Ẹ ṣé o," ni Bàbá wí.

Lẹ́yìn náà ni Onílé wo ẹ̀yìn wa, ó wo ojú ọ̀nà títí dé ibi tí ó ti yà. "Dírẹ́bà ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó ti sọ fún un. Sójà mú un wọ ilé ìdáná lọ, ó ti ilẹ̀kùn. A gbọ́ tí nǹkan onírin kan bọ́ sílẹ̀. A dúró sójúde pẹ̀lú àpótí wa, bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ níbi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àìkú, 5 oṣù keje

Onílé ti tẹ́ tábìlì kí a tó sọ̀ kalẹ̀. Abọ́ márùn-ún. Bóyá ó gbàgbé, bóyá kò gbàgbé. Ẹja sísun wà níbẹ̀, ata wà níbẹ̀, búrẹ́dì tí èéfín ṣì ń yọ lórí rẹ̀, àti èso kan tó dà bí ìbẹ́pẹ tó lọ sí yunifásítì.

Màmá kò bi ẹnikẹ́ni. Ó mú ṣíbí, ó yan apá ìrù, ó bù ú sí abọ́ karùn-ún kí ó tó bù fún ẹnì kankan nínú wa, ó sì ń wá ohun tí yóò fi bò ó. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ti ẹni tó wà lọ́nà ni ó máa ń kọ́kọ́ bù, á bò ó, lẹ́yìn náà ni òun á tó jókòó. Alága ló sì máa ń wà lọ́nà. Nílé, Bàbá ti fòfin dè é láti ọ̀sẹ̀ ìsìnkú.

Bàbá dìde nídìí tábìlì, ó jáde.

Sójà gbé abọ́ náà, ó da ẹja rẹ̀ padà sínú àwo. "Màmá, àwa mẹ́rin la wà níbí. Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀." Ohùn tí ó fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ni ó fi sọ ọ́, èyí tó dùn tó sì ń dẹ́rù ba èèyàn.

"Mo ti gbọ́," ni Màmá wí. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó mu omi.

Mo jẹ tèmi. Ó dùn débi pé ojú tì mí. Alága kò parọ́. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé n kò rí ibi tí mo ti lè sọ ọ́.

Ìṣẹ́gun, 7 oṣù keje

Etí òkun. Sójà ní kí a gbádùn ara wa. Nígbà tí kò rí ẹni tó ń gbádùn, ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ sì le sí i.

Bàbá wọ inú omi pẹ̀lú ṣòkòtò lára àti aago lọ́wọ́. Ó dúró níbi tí omi ti dé orúnkún rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, bí ẹni tí wọ́n ní kí ó bá wọn ṣọ́ òkun. Onífọ́tò kan wá bá wa, ó ní kí a sún mọ́ra, kí a rẹ́rìn-ín. Mo ti rí fọ́tò náà. Gbogbo eyín wa ló yọ. Bí wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìkìlọ̀ nílé oníṣègùn eyín, kò sẹ́ni tí yóò fura.

Wọ́n ń yá èèyàn ní agboòrùn níbẹ̀ ní iye tí èèyàn lè fi ra oòrùn fúnra rẹ̀. A yá ọ̀kan fún Màmá. Ó jókòó sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú gèlè àti ìró, ó ń wo àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó ń sáré lọ sáré bọ̀. Sójà ra àgbàdo sísun fún un. Ó dì í mú títí tó fi tutù, ó wá fún ajá kan.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù keje

Ooru. Màmá jẹ búrẹ́dì tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Sójà pè é ní ìlọsíwájú.

Àbámẹ́ta, 11 oṣù keje

Onílé máa ń kọ́ àlejò bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ara nǹkan tí Alága sanwó fún ni. Ó so aṣọ ìdáná mọ́ gbogbo wa nídìí, títí kan Bàbá, tó dúró ṣinṣin bí ẹni tí wọ́n ń wọn kóòtù fún.

Tèmi lẹ̀ mọ́ tábìlì. Ti Sójà le, ó bá ìwà rẹ̀ mu. Ti Bàbá kò ní orúkọ. Màmá nìkan ni tirẹ̀ wú, ó rí rọbọtọ, ó ń dán. Obìnrin tí kò jẹun láti oṣù kejì ló pò ó.

Nígbà tí búrẹ́dì jáde nínú ààrò, Onílé gé ti Màmá, ó fi òróró sí i, ó gbé e sí i lẹ́nu, ó sì fi gbogbo ọ̀wọ̀ ọkàn rẹ̀ wí pé: "Jẹun, wọ̀bìà."

Màmá rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀yẹ. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di tábìlì mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ burúkú yẹn," ló ń wí. "Ọmọ burúkú yẹn. Ẹ wò ó bó ṣe ba èdè jẹ́ fún ọmọlúàbí." Sójà gbá mi lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ìyẹn ni pé nǹkan ń bọ̀ wá dára.

Màmá nu ojú rẹ̀. Ó wo búrẹ́dì náà. Ó gbé e lé abọ́ mi.

Ọjọ́rú, 15 oṣù keje

Mo fẹ́ kọ èyí dáadáa.

Iṣẹ́ òní ni ká bá apẹja lọ sójú omi. Ìdí ń dun Bàbá, ó ní òun fẹ́ sùn. Èébì máa ń gbé Màmá lójú omi. Sójà ní kí n máa lọ ní èmi nìkan, kí n ya fọ́tò wá, kí n sì padà kí wọ́n tó gbé oúnjẹ ọ̀sán kalẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rú òfin ara rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì kú nígbà tí a kò rí ilẹ̀ dáadáa mọ́. Apẹja náà bú u, ó gbá a, ó bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó na igi ìtukọ̀ sí mi. Mo tukọ̀ bí ẹni tó ka ìwé nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fóònù mi ti bọ́ sínú omi pẹ̀lú fọ́tò inú rẹ̀. Nígbà tí mo fi padà dé ilé, àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó, àkókò oúnjẹ sì ti kọjá tipẹ́.

Sójà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé Màmá ti lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Dákẹ́," ló wí. "Má sáré. Rọra wọlé bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe."

Màmá jókòó sídìí tábìlì, ó ń jẹun. Ó ń fi búrẹ́dì nu ọbẹ̀ nínú abọ́, ó ń yọ egungun ẹja sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ó ṣe máa ń ṣe láyé àtijọ́. Abọ́ kejì wà níwájú rẹ̀, abọ́ mìíràn ni ó fi bò ó.

"O ti dé," ló wí. "Tìẹ nìyẹn." Ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Mo ṣí i. Apá ìrù ni.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Sójà di apá mi mú. "Ó ní ìwọ ṣì wà lọ́nà. Ó bu tìẹ, ó bò ó, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. N kò wí nǹkan kan. N kò tiẹ̀ mí."

"A jẹ́ pé gbogbo bí a ṣe ń pagbo yí i ká láti jọ jẹun…"

"Àwa la ń di ẹnu rẹ̀. Mo mọ̀. Má sọ ọ́ jáde." Ó ń sunkún, ó sì ń pàṣẹ. "Lọ́la, wàá pẹ́."

"Ibo ni n ó lọ?"

"Kí ló kàn mí níbẹ̀? Ṣá ti pẹ́."

Ẹtì, 17 oṣù keje

Mo lọ sí pólì, mo kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, mo gba ìwé ẹ̀rí. Iṣẹ́ tí mo wá rí ni pípẹ́.

Ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì ni ọ́fíìsì mi. Bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀, àpò ìyẹ̀fun òfìfo wà níbẹ̀, atẹ́gùn gbígbóná ń ti ihò ògiri jáde. Bí gbogbo ilé bá ti ń lọ sídìí tábìlì, èmi á ní mo fẹ́ lọ ra nǹkan díẹ̀, n óò padà wá lọ́wọ́ òfìfo. Bàbá ti bi mí bóyá mo ní ọ̀rẹ́bìnrin níbí. Mo ní ó wà níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n fara balẹ̀.

Màmá jẹ ìrẹsì, ó jẹ ẹyin. Lánàá ó bu ọbẹ̀ kún un.

Àbámẹ́ta, 18 oṣù keje

Mo pẹ́. Ó jẹun. Sójà ní mo lè pẹ́ sí i díẹ̀, kí ó lè ráyè jẹ èso. Wọ́n ti gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́.

Ajé, 20 oṣù keje

Mo gbójú sókè lórí bẹ́ǹṣì, Màmá dúró níwájú mi. Sálúbàtà inú ilé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń mí gúlegúle.

"Kí lò ń ṣe níbí?"

"Mò ń gba atẹ́gùn, Màmá."

"Lẹ́yìn ilé búrẹ́dì?"

"Tibẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́. Ó dáa fún àyà."

Ó jókòó tì mí. Ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò léjìká mi.

"Sójà ló rán ọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára ṣòkòtò mi. Ìdáhùn sì nìyẹn.

"Ẹ rò pé orí mi ti dàrú."

"Rárá o, Màmá."

"Mo mọ̀ pé kò bọ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó ní láti là á yé mi. Orí mi mọ̀. Ọwọ́ mi ni kò tíì mọ̀. Bí ọwọ́ yìí ò bá tíì bu ti ẹni tó wà lọ́nà, ọ̀fun mi kì í ṣí. Mo ti bá a jà, mo ti bẹ̀ ẹ́. Ṣé èèyàn lè na ọ̀fun ni?"

"Ẹ wá máa bù ú nígbà náà. Èmi ò ní kí ẹ má bù ú."

"Bàbá yín ńkọ́?"

Òṣìṣẹ́ kan jáde wá da omi nù. Ó kí wa. A dá a lóhùn.

"Má pẹ́ mọ́," ni Màmá wí. "Ò ń gbọ́ mi? Tí mo bá ti bo tìẹ tán, mo máa ń jẹun lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí mi wà lójú ọ̀nà. Lánàá tí o pẹ́ jù, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Lónìí n kò lè jókòó mọ́. Mo ti wá ọ dé ibi tí wọ́n ń dá mọ́tò dúró sí. Mo ń wo abẹ́ mọ́tò, ìwọ ọmọ yìí. Abẹ́ mọ́tò."

Mo ní kí ó má bínú. Ó dìde, ó na ọwọ́ sí mi bí ìgbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, a sì jọ rìn padà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan ò wá sí mi lẹ́nu títí a fi délé.

Ìṣẹ́gun, 21 oṣù keje

Gbogbo wa jókòó lákòókò. Màmá bi Onílé bóyá ó lè fún òun ní abọ́ kan sí i.

Bàbá gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Abọ́ òkú ò ní sí lórí tábìlì tí mo bá jókòó sí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Sójà wí. "Tí ìyẹn bá máa jẹ́ kí wọ́n jẹun…"

"Mo ní kò ní sí." Kò pariwo. Ìbá sàn kí ó pariwo. "Èmi ni wọ́n ránṣẹ́ sí kí n wá wò ó, kí n sọ bóyá ọmọ mi ni. Ẹ̀yin ò wò ó. Ẹnu tí ẹ ń bu oúnjẹ fún yẹn, mo wá a. Mo wá a lójú rẹ̀. N kò rí i. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Tí mo bá ti rí abọ́ yẹn, ojú yẹn ni mò ń rí níbẹ̀. Ẹ ní kí n máa jókòó tì í?"

Láti oṣù kejì, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. "Ó dà bí ẹni tó ń sùn" ni ó sọ fún wa nígbà náà, a sì dúpẹ́.

Onílé, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, rọra gbé abọ́ karùn-ún padà. Bàbá kò dìde. Màmá náà kò dìde. Ọbẹ̀ tutù, ó sì dì bí ìpara lójú wa.

Ọjọ́rú, 22 oṣù keje

Kò sẹ́ni tó jẹun. Onílé gbé oúnjẹ wá, ó gbé e padà. Kò pe ẹnikẹ́ni ní wọ̀bìà.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù keje

Wọ́n mú wa lọ gun òkè kan tí wọ́n ní èèyàn ti lè rí ìlú mẹ́ta lókè rẹ̀. Màmá kò lè gùn ún dé ìdajì. Sójà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó kàn dì í mú, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń wo aago ọwọ́ ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ bàjẹ́. A yí padà. Nínú ọkọ̀ ó sọ sí mi létí pé bí ó bá ń lọ báyìí, rọ́bà náà lè má dúró dè wá dé ilé.

Bàbá wà lẹ́yìn wa. Mo rò pé ó ń sùn.

Ẹtì, 24 oṣù keje

Oúnjẹ ọ̀sán. Ẹja, ata, búrẹ́dì. Abọ́ mẹ́rin. Màmá fi ọwọ́ lé itan, ó ń wo ṣíbí.

Bàbá dìde. Ó de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dé ọrùn bí ẹni tó ń rìnrìn àjò.

"Ìyá Alága," ló wí. Láti ìgbà ìsìnkú, n kò gbọ́ kí ó pè é bẹ́ẹ̀. "Mo fẹ́ jáde díẹ̀. Bá mi bu tèmi sílẹ̀."

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"N kò lọ síbì kan. Mo kàn wà lọ́nà ni."

Ó jáde. Ó gba ojúde kọjá, ó dúró lábẹ́ oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, gan-an níbi tí fèrèsé ti lè rí i, ó kọjú sí ilé. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. Bí èèyàn bá rí i, yóò rò pé ó ń dúró de bọ́ọ̀sì níbi tí bọ́ọ̀sì kì í gbà.

Màmá wò ó títí. Ó mú ṣíbí. Ó bu ti Bàbá, ó yọ egungun ńláńlá kúrò, ó fi abọ́ bò ó. Ó tún wo fèrèsé. Bàbá kò kúrò níbẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ kan sókè díẹ̀, kó lè mọ̀ pé òun ni.

Màmá jókòó, ó sì jẹun. Kò pọ̀. Ẹja àti búrẹ́dì, ó wá tún bu ẹja díẹ̀ sí i. Sójà kò gbé orí sókè nínú abọ́ tirẹ̀. Èmi náà wá ẹ̀fẹ̀ kan tí mo lè kọ síbí, n kò rí.

Nígbà tí ó jẹ tán, ó lọ kan fèrèsé. Bàbá wọlé, ó nu òógùn, ó ṣí abọ́ rẹ̀.

"Ó ti tutù," ló wí.

"Ta ló ní kí ẹ pẹ́?" ni Màmá wí.

Àìkú, 26 oṣù keje

A di ẹrù. Onílé dì mọ́ Màmá pẹ́, ó fún un ní búrẹ́dì tó gùn tó apá mi. Nínú ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí wọ́n gé e, Bàbá dìde láìsọ̀rọ̀, ó lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ́ọ̀ṣì, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ọ̀gá onítíkẹ́ẹ̀tì wá bi í bóyá kò ní àga. Ó ní òun ní.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹjọ

Dókítà gbé Màmá sórí òṣùwọ̀n. Ó wò ó, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e sí i. Kò yìn wá. Ó ní kí a ṣì gbàgbé ọ̀rọ̀ rọ́bà ná, kí a padà wá ní ìparí oṣù, òun ò ṣèlérí nǹkan kan. Ó bi Sójà irú oògùn tí a lò. Sójà, tó ní èsì sí gbogbo ọ̀rọ̀, wo ògiri.

Àwọn aládùúgbò ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí a ti dé láti ìlú òkèèrè, a máa ń lé bàbá wa síta bí oúnjẹ bá ti jinná. Obìnrin tó kọjú sí wa ti wá pè mí lẹ́yìn ilé, ó ní bí ó bá jẹ́ oúnjẹ ni kò kárí, kí n má tijú láti sọ. Mo ní kò kárí lóòótọ́. Ó ti gbé ẹ̀wà wá.

Òjò ló ń rọ̀ láti àárọ̀. Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, Bàbá de bọ́tìnnì, ó mú agboòrùn, ó gbé àga rẹ̀ lọ sábẹ́ òrùlé ibi tí a ń ṣá igi, tó ń jò. Ó jókòó, ó kọjú sí fèrèsé. Màmá bu tirẹ̀, ó bò ó. Ó jókòó, ó sì jẹun kíákíá, nítorí òjò.